Ìtì Igi Tí Mo Rò Pé Ò Ń Là ní Èkó

Atikori, Ìjẹ̀bú-Igbó,
Ọjọ́ Jímọ̀, lẹ́yìn ìrun Alásárì.

Afeezat Àjọkẹ́, ọmọ mi,

Àsàlámù àlékùm. Mo kí ọ kú iṣẹ́, mo kí ọ kú làálàá, mo kí ọ kú àìfojúkanra wa. Ọlọ́run Ọba tó mú ọ wọ Èkó ní àlàáfíà kò ní jẹ́ kí Èkó gbé ọ mì, ojú kò sì ní tì ọ́ láàárín ẹgbẹ́ rẹ. Bí ó bá jẹ́ pé orí ìdúró lo wà, jọ̀wọ́ jókòó. Mo ti sọ fún Nimotalahi, àbúrò ìyá rẹ, tó mú lẹ́tà yìí wá, pé kí ó má fi lé ọ lọ́wọ́ títí wàá fi jókòó, kí òun náà sì jókòó tì ọ́. Bí o bá rí i tó ń sunkún, má tíì bi í ní ohunkóhun. Ẹnu tèmi ni mo fẹ́ kí o ti gbọ́ ọ, nítorí ẹ̀bi mi wà nínú rẹ̀.

Ilé dúró. Òjò ọ̀sẹ̀ tó kọjá ṣí páànù kan lórí ilé ìdáná, mo ti gbé òkúta lé e títí tí káfíńtà yóò fi ráyè. Ewúrẹ́ wa bí ìbejì, dúdú kan, pupa kan, èyí dúdú ni kò tíì mọ ọmú í mu dáadáa. Wọ́n ti ra ẹ̀rọ gbohùngbohùn tuntun fún mọ́ṣáláṣí, ó sì ń pariwo tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì Mẹ́tọ́díìsì fi wá bá Lẹ́mọ̀mù sọ̀rọ̀ ní ìtùnbí-ìnùbí. Mo mọ̀ pé mò ń yí po. Ìyá rẹ máa ń sọ pé bí wọ́n bá ní kí lẹ́tà mi lọ sí Àgọ́-Ìwòyè, yóò kọ́kọ́ gba Iwopin kọjá.

Ó dára, mo ti dé Àgọ́-Ìwòyè. Afeezat, ìyá rẹ ti padà sọ́dọ̀ Ẹni tó dá a. Ọjọ́ Àtàláátà tó kọjá yìí ni, ó ku díẹ̀ kí wọ́n pe ìrun Àìlà. Ní ìdájí ọjọ́ náà, bó ti kírun Àṣùbáà tán, ó ní àyà ń dun òun. Mo rò pé ẹ̀jẹ̀ ríru tí o mọ̀ nípa rẹ̀ náà ni. Mo pe kẹ̀kẹ́ Márúwá, a gbé e lọ sí ọsibítù. Dókítà kò fi wá ṣeré, gbogbo ohun tí apá rẹ̀ ká ni ó ṣe. Lẹ́yìn ìrun Alásárì ni a gbé e wọ káà ilẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ẹ̀sìn wa ti wí. Kí Ọlọ́run dẹlẹ̀ fún un, kí Ó fi Àlìjánnà kẹ́ ẹ.

Mo mọ ohun tí wàá kọ́kọ́ rántí. Wàá rántí pé ní ìrọ̀lẹ́ Àtàláátà yẹn gan-an ni mo pè ọ́, lẹ́yìn ìrun Mùgàríbà. Inú rẹ ń dùn. O ní ọ̀gá yín ní kí gbogbo ilé iṣẹ́ pàtẹ́wọ́ fún ọ nítorí pé ìwọ lo rí kòkòrò kan tí wọ́n ti ń wá láti ọjọ́ mẹ́ta. O ní kí n gbé fóònù fún màmá kí o sọ fún wọn. Mo ní wọ́n ń sùn. O ní kí n má jí wọn, kí n bá ọ kí wọn bí wọ́n bá jí. Mo ní màá kí wọn. Lẹ́yìn tí ohùn rẹ dákẹ́, mo jókòó sórí àpótí nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀, àwọn tó wá bá wa kẹ́dùn ń wò mí. A kì í tú òfò ìyá fún ọmọ lórí fóònù. Bí o bá ṣubú ńkọ́, ta ni yóò dì ọ́ mú? Fóònù kò lọ́wọ́.

Irọ́ yẹn burú, ṣùgbọ́n òun kọ́ ni ẹ̀ṣẹ̀ tí mo fẹ́ jẹ́wọ́. Ti òwúrọ̀ ni. Ní aago mẹ́sàn-án kọjá díẹ̀ ní ọsibítù, ìyá rẹ ní òun fẹ́ gbọ́ ohùn rẹ. Fóònù wà lápò mi, owó ìpè wà nínú rẹ̀, kò sí ohun tó dí mi lọ́wọ́, mo sì kọ̀, n kò pè ọ́. Mo rò pé iwájú ayùn lo wà.

Jẹ́ kí n sọ bó ṣe jẹ́, má rẹ́rìn-ín, tàbí kí o rín in bó bá wá, ọ̀rọ̀ tó bá ju ẹkún lọ, ẹ̀rín náà la fi ń rín. Ní ọjọ́ tí o ti Àgọ́-Ìwòyè dé tí o ní, Bàbá, mo ti rí ibi tí màá ti ṣe àìtì, ọdún kan gbáko, ilé iṣẹ́ ńlá ni ní Èkó, etí mi gbọ́ ìtì. Afeezat, èmi Bàdírù tí mo ti wà nídìí gẹdú láti ogójì ọdún, tí mo ka ìtì igi ní Iwopin kí wọ́n tó bí ọ, tí mo sì wọn ìtì igi ní sọ́míìlì ibí yìí títí ẹ̀yìn mi fi tẹ̀, ìtì wo lẹ fẹ́ kí n tún mọ̀? Ìtì méjì péré ló wà láyé mi, ti igi àti ti ọ̀gẹ̀dẹ̀. Àwọn àgbà sì ti ní ìtì ọ̀gẹ̀dẹ̀ kò tó ohun tí à ń pọ́n àdá sí, nítorí náà kò lè jẹ́ òun ni wọ́n ní kí ọmọ yunifásítì lọ fi ọdún kan kọ́. Ó di igi. Mo rántí bí o ṣe máa ń jókòó sórí ìyẹ̀fun igi ní kékeré, tí wàá máa ka nọ́ńbà ara téèpù mi sókè, mo ní ẹ̀jẹ̀ ló pe ẹ̀jẹ̀. Mo lọ fọ́nnu fún gbogbo wọn ní sọ́míìlì. Wọ́n ní ọmọbìnrin wo ló ń la gẹdú, mo ní ayé ti lajú, ẹ̀rọ ló ń gbé e báyìí, orí lásán ni ọmọ tèmi ń lò.

Ìwọ náà, láìmọ̀, gbogbo ọ̀rọ̀ tí ò ń sọ ló ń ti ọ̀rọ̀ mi lẹ́yìn. O ní wọ́n fún yín ní lọ́ọ̀gì búùkù, pé olùkọ́ yóò wá láti Àgọ́-Ìwòyè wá yẹ̀ ẹ́ wò. Èmi náà kọ irú ìwé bẹ́ẹ̀ ní Iwopin, gígùn àti ìbú ìtì kọ̀ọ̀kan ló ń wà nínú rẹ̀, ẹni tó bá kọ ọ́ ní jákujàku, wọ́n á lé e. O ní fáìlì ni o tò láti àárọ̀ dé ọjọ́rọ̀, mo ní ayùn yín yóò mú. O ní ilé iṣẹ́ yín ní bíráǹṣì ní Ìbàdàn, mo ní ibi tí igi bá wà, ẹ̀ka kò ní ṣàì wà. O ní àwọn bọ́ọ̀dù ń ṣe ìpàdé, ìyẹn rú mi lójú díẹ̀, ṣùgbọ́n mo rò pé wọ́n ń to pákó jọ ni. O ní òtútù ibi iṣẹ́ yín kò jẹ́ kí o gbádùn, ìyá rẹ fi súwẹ́tà ránṣẹ́ nítorí a mọ bí abẹ́ igi ṣe ń rí ní òwúrọ̀. O ní wọ́n fún ọ ní máòsì tuntun, mo ní ológbò ni ì bá yẹ kí wọ́n fún ọ. Èyí tó wá pa gbogbo rẹ̀ dé ni ti kòkòrò, pé ojoojúmọ́ ni ẹ ń wá kòkòrò jáde kí iṣẹ́ má bàa bàjẹ́. Kí ló tún ń jẹ igi bí kò ṣe kòkòrò? Mo fi bàtà rọ́bà mi ránṣẹ́ sí ọ, mo ní kí o má ṣe dúró síbi tí ìtì lè yí dé. O pè mí, o dúpẹ́, o rẹ́rìn-ín títí, o ní èmi àti àwàdà mi. Mo rò pé ẹ̀rín ayọ̀ ni.

O sì sọ fún mi pé aago mẹ́jọ òwúrọ̀ ni ẹ ń lọ́ọ̀gì wọlé, aago márùn-ún ni ẹ ń lọ́ọ̀gì jáde, àti pé ẹni tí kò bá sí níbẹ̀, wọn kò ní ka ọjọ́ yẹn fún un. Lọ́ọ̀gì ni wọ́n ń pe ìtì igi ní sọ́míìlì, nítorí náà ọ̀rọ̀ yẹn ni mo mú dání bí ẹni mú Kùránì.

Nǹkan kan wà tí a kò sọ fún ẹ̀yin ọmọ rí. Bùọ̀dá Ùsmán, àbúrò ìyá rẹ, tí ẹ máa ń rí tó ń fi ọwọ́ òsì jẹun, a sọ fún yín pé jàm̀bá ọkọ̀ ló gé ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀. Kì í ṣe jàm̀bá ọkọ̀. Sọ́míìlì kan nínú igbó ni a ti jọ ń ṣiṣẹ́ nígbà náà. Ìtì àfàrà wà lórí ayùn, ó ń tì í lọ. Ẹnì kan sáré dé láti ilé, ó pariwo orúkọ rẹ̀ pé ìyàwó rẹ̀ ń rọbí. Ùsmán yíjú. Yíyíjú yẹn náà ni. Láti ọjọ́ náà la ti fi ṣe òfin láàárín ara wa, bí ìtì bá ti wọlé, a kì í pe ẹni tó wà nídìí ayùn, kódà bí ilé rẹ̀ bá ń jó. Ẹ jẹ́ kí ìtì jáde ná. Ìyá rẹ ló tọ́jú ojú ọgbẹ́ náà fún oṣù méjì, nítorí náà òun náà mọ òfin yìí bí mo ṣe mọ̀ ọ́n.

Nígbà tó wá béèrè ohùn rẹ ní òwúrọ̀ Àtàláátà, mo yọ fóònù, mo wo aago, mo ní, Ìyá Afeezat, aago mẹ́jọ ti kọjá, lọ́ọ̀gì ti wọlé. Ó wo ọwọ́ ọ̀tún ara rẹ̀. Mo rí i pé ọwọ́ àbúrò rẹ̀ ló ń rò. Lẹ́yìn náà ó ní kí n fi ọ́ sílẹ̀, kí ọmọ gbájú mọ́ iṣẹ́ rẹ̀, pé bó bá di aago márùn-ún kí n pè ọ́. Mo ní aago márùn-ún kò jìnnà mọ́. Mo dá fóònù padà sápò. Ó tún béèrè aago lẹ́ẹ̀mejì, mo sọ fún un. Nígbà tí aago márùn-ún fi lù, a ti ti itẹ́ òkú dé, a ń bu omi sẹ́sẹ̀ láti fọ erùpẹ̀ kúrò.

Lánàá Àlàmísì, tí a ṣe àdúà ọjọ́ kẹta, Zulaikha ọmọ Bàbá Mukhtar wá kí mi, èyí tí ẹ jọ wà ní kíláàsì kan náà ní Àgọ́-Ìwòyè. Ó béèrè bóyá o ti gbọ́. Mo ṣàlàyé ìdí tí n kò fi pè ọ́ fún un, mo sọ ti ayùn, mo sọ ti Ùsmán. Ọmọ náà ń wò mí. Ó wá béèrè jẹ́jẹ́ pé igi wo ni Bàbá ń sọ. Ó ṣí fóònù rẹ̀, ó fi àwòrán rẹ hàn mí níbi iṣẹ́. O jókòó sídìí tábìlì funfun, kọ̀ǹpútà wà níwájú rẹ, ife tíì wà lápá ọ̀tún, súwẹ́tà ìyá rẹ wà lọ́rùn rẹ. Fóònù rẹ wà lórí tábìlì náà, kò ju ìka méjì lọ sí ọwọ́ rẹ.

Zulaikha ní kì í ṣe ìtì, ó ní lẹ́tà Gẹ̀ẹ́sì méjì ni, I àti T, pé bí wọ́n ṣe ń pe iṣẹ́ kíkọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ nìyẹn, bí wọ́n sì ṣe ń pe iṣẹ́ kọ̀ǹpútà náà nìyẹn. Ó ní lọ́ọ̀gì tí ẹ ń sọ, kí o tẹ orúkọ rẹ sínú kọ̀ǹpútà kí ó mọ̀ pé o dé ni, kò sí ìtì kankan tó ń wọlé. Ó ní kòkòrò tí ẹ ń wá, àṣìṣe inú iṣẹ́ kọ̀ǹpútà ni wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀. Ó ní igi tó wà ní gbogbo ilé iṣẹ́ yín kò ju ilẹ̀kùn lọ. Mo bi í pé bí fóònù ẹnì kan bá dún níbẹ̀, kí ló máa ń ṣẹlẹ̀. Ó ní onítọ̀hún á dìde, á bọ́ síta, á gbé e. Mo ní kí ó tún un sọ. Ó kó fóònù rẹ̀ sápò, ó ti rí ìdí tí mo fi ń béèrè.

Afeezat, ó dùn mí. Ó ń dùn mí dé egungun. Gbogbo ayé ń sọ fún mi pé àkókò ìyá rẹ ló tó, pé ìpè rẹ kò lè dá ikú dúró, mo mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n kò sọ pé kí n dá ikú dúró. Ohùn rẹ nìkan ló béèrè. Abéèrè kì í ṣìnà, ẹni tí kò lè béèrè ló ń pọ́n ara rẹ̀ lójú, èmi ni mo sì máa ń sọ ọ́ fún yín nílé yìí. Ojú ló ń tì mí láti bi ọmọ mi pé kí ni ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ kan, lẹ́yìn tí mo ti fọ́nnu ká sọ́míìlì. Kí n sì sọ èyí tó burú jù. Nígbà tí o wá ṣe Ìtúnu Ààwẹ̀, o bu omi fún mi mu, mo gba ife lọ́wọ́ rẹ, mo fọwọ́ kan àtẹ́lẹwọ́ rẹ. Ó rọ̀. Èmi mọ bí àtẹ́lẹwọ́ ẹni tó ń bá igi ṣe ṣe ń rí. Mo rí i pé nǹkan kan kò bá ara mu, mo sì sọ fún ara mi pé bóyá ìbọ̀wọ́ ni wọ́n ń fún yín. Ká ní mo béèrè lọ́jọ́ yẹn ni.

Ibi tí lẹ́tà mi bá ti dé báyìí ni mo máa ń béèrè owó, ìyá rẹ á sì máa yọ mí lẹ́nu pé àdúrà mi àti owó kì í jìnnà síra. Lónìí, owó ọkọ̀ tìrẹ nìkan ni kí o wá. Àtàláátà tó ń bọ̀ ni fìdáù ọjọ́ kẹjọ. Zulaikha ní fọ́ọ̀mù wà nínú kọ̀ǹpútà yín tí wọ́n fi ń tọrọ àyè, pé ó máa béèrè ìdí. Kọ ìdí náà bó ṣe rí, má bá wọn kọ ọ́ bíi tèmi pé ó ń sùn. Lẹ́yìn fìdáù, padà síbi iṣẹ́ rẹ kí o parí ọdún náà. Má fi í sílẹ̀ nítorí mi. Inú ìyá rẹ dùn sí iṣẹ́ náà ju bí o ṣe mọ̀ lọ, ó sọ ọ́ fún gbogbo àwọn tó jọ wà ní wọ́ọ̀dù, nọ́ọ̀sì kan tilẹ̀ béèrè iye tí pákó jẹ́ báyìí.

Mo tọrọ àforíjì lọ́wọ́ rẹ. N kò ní kí o dáhùn lónìí. Bí o bá fẹ́ pè mí, pè mí nígbàkigbà, bí o kò bá sì lè sọ̀rọ̀, dákẹ́ bẹ́ẹ̀ sórí fóònù, èmi náà á dákẹ́. Bí inú bá ń bí ọ tí o kò fẹ́ pè, má pè, ṣùgbọ́n wá fún fìdáù nítorí ìyá rẹ. Ọlọ́run yóò dá ọ lọ́kàn le. Àwọn ọmọ tìrẹ náà yóò dàgbà lójú rẹ, wàá gbọ́ ohùn wọn nígbà tí o bá fẹ́ gbọ́ ọ, wọn kò ní fi ohunkóhun dù ọ́ ní ọjọ́ tí o bá béèrè. Àmín.

Ó ku iṣẹ́ kan tí ìyá rẹ rán mi sí ọ. Lẹ́yìn tó béèrè aago lẹ́ẹ̀kejì ló rán mi, kò sì sọ̀rọ̀ tó já gaara mọ́ lẹ́yìn rẹ̀. Mo ti mọ̀ báyìí pé kò sí ẹ̀rọ níbẹ̀, mo sì rò ó láti àná bóyá kí n jẹ́ ẹ tàbí kí n má jẹ́ ẹ, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ìyá rẹ ni, kì í ṣe tèmi tí màá fi yọ nínú rẹ̀. Ó ní kí n sọ fún Àjọkẹ́ pé kí ó máa so ìborùn rẹ̀ mọ́rí dáadáa bó bá ti fẹ́ dúró síwájú ayùn, kí ayùn má bàa fà á.

Èmi ni bàbá rẹ,
Bàdírù.